Férémù tí Àwòrán Rẹ̀ Sọnù

Àwọn àgbà a máa sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn ṣe ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí ilé ìkó-iṣẹ́-ọnà-sí, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀gá ayàwòrán. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà bá ti sọnù ńkọ́?

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Isabella Stewart Gardner, ṣí ilé ọnà kan síbẹ̀ ní ọdún 1903. Ní òru ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1990, ọkùnrin méjì tí wọ́n múra bí ọlọ́pàá tan àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé náà, wọ́n dè wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n sì kó iṣẹ́ ọnà 13 lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni àwòrán tí Rembrandt, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, yà ní ọdún 1633, níbi tí ìjì ti ń bi ọkọ̀ Jésù àti àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ síwá sẹ́yìn lórí òkun Gálílì. Àwọn olè gé e kúrò nínú férémù rẹ̀. Férémù òfìfo náà ṣì wà lára ògiri títí di òní.

Ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Cuseum dá ọgbọ́n kan. Bí àlejò bá kọ kámẹ́rà fóònù rẹ̀ sí férémù náà, fóònù yóò mọ bí ó ti tóbi tó àti ibi tí ó wà, yóò sì gbé àwòrán tí ó sọnù sí àárín rẹ̀. Bí àlejò tilẹ̀ ń rìn, àwòrán náà yóò dúró sí ààyè rẹ̀ lójú fóònù, bí ẹni pé olè kò wá rí.

Ẹlòmíràn lè wí pé ẹ̀tàn ojú lásán ni. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ọ̀dà tí Rembrandt fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn kò sí nínú fóònù. Síbẹ̀, ẹni tí ó rí férémù òfìfo nìkan lè kọjá lọ láìbìkítà. Ẹni tí ó ti rí ìgbì omi àti ìpayà ojú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn, tí ó wá sọ fóònù kalẹ̀, tí ó tún bá òfìfo pàdé, òun ni yóò mọ bí àdánù náà ti pọ̀ tó. Àwòrán inú fóònù dà bí fọ́tò ẹni tí ó lọ sí ìdálẹ̀ tí kò tíì dé: a ń fi rántí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá pè é, kì í dáhùn.