Ìró Odó, Ariwo Ẹ̀rọ: Ohun Tí Etí Mi Gbọ́ Ní Ìgèdè-Èkìtì

Ẹni tó bá gba títì Adó lọ sí Iléṣà, bó bá ti kọjá Ìyìn, kó tó dé Àrámọkọ, Ìgèdè ni yóò bá, ìlú Onígèdè, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn. Ẹlòmíràn a lọ síbẹ̀ nítorí òṣèlú. Èmi, etí ni mo gbé lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí odó bẹ̀rẹ̀, nítorí Èkìtì la wà. Bí ẹni méjì bá jọ ń gúnyán, bí ọmọ odó kan ti ń lọ sókè ni èkejì ń bọ̀ nílẹ̀, gbì, gbì, wọn kì í gbá ara wọn. Níbẹ̀rẹ̀, ìró náà a gbẹ. Bí iyán bá ti ń kúnná, a bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ odó, ìró rẹ̀ a yí padà. Ìyá olóúnjẹ kan sọ fún mi pé òun kì í yọjú wò ó, etí lòun fi ń mọ̀ pé ó ti jinná sí gígún. Awakọ̀ tí kò tíì rò pé ebi ń pa òun, tó bá gbọ́ odó, á páàkì. Ọkàn wa ti so ìró náà mọ́ ọbẹ̀ láti kékeré.

Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, rédíò kékeré ló ń kọrin jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá pa á, ó ní ọwọ́ òun á wúwo lórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n lójú títì, ilé olórin méjì kọjú síra wọn, ọ̀kan ń lu fújì, èkejì ń lu orin ìyìn, sípíkà méjèèjì ń jà. Oníbàárà ò dúró. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ èyí: ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ronald Milliman kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1982 pé nígbà tí wọ́n ń fi orin tó rọra ń lọ sí ilé ìtajà ńlá kan, àwọn èèyàn ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọjà tó tà sì fi bíi 38 nínú ọgọ́rùn-ún ju ìgbà tí orin ń sáré lọ. Mo mọ̀ pé Ìgèdè kì í ṣe Amẹ́ríkà, àmọ́ ẹ dán an wò ná.

Ìdí ẹ̀rọ ìlọta ni ọ̀rọ̀ ti le. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, mà.” Ìyá tó ń lọ ata dáhùn pé, “Ti èló?” A rẹ́rìn-ín. Nígbà tó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní bóun bá dórí ibùsùn lálẹ́, ẹ̀rọ náà ṣì ń dún létí òun. “Àwọn ọmọ mi ní mo ti di oníbìínú, pé mò ń jágbe mọ́ wọn. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń pariwo.”

Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Bó bá tó 85, wákàtí 8 lóòjọ́ ti tó. Bó bá di 88, wákàtí 4 péré. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tí ọwọ́ yín lè kàn tó gbọ́ yín, ariwo yẹn ti pọ̀ jù. Àwọn irun tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà nínú etí lọ́hùn-ún, bí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù mọ́. Ara á sì máa rò pé ewu dé: àyà á máa já, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, inú á máa bíni láìnídìí. Kì í ṣe ìwà burúkú ló dé bá ìyá yìí.

Òwú ló ń ki sétí. Mo sọ fún un pé òwú lásán ò tó, pé ìdétí táwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ńlá ń lò ló yẹ, àti pé bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì náà jìnnà díẹ̀ sí ibi tó ń dúró sí, ìrọ̀rùn á dé. Ó wò mí títí. Ó ní òun kọ́ lòun ni ẹ̀rọ, kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, kí ọ̀gá òun lè kà á.