Fìlà Olówùú ní Ìgàndó

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń di ẹrù ní London fún ìrìn-àjò ìtọ́jú aláìsàn sí Alímọ̀ṣọ́, ẹnìkan dìde ní ìpàdé, ó béèrè ohun tí a fẹ́ fi fìlà olówùú tí àwọn ìyá àgbà wa hun ṣe ní Èkó Àrómisá-lẹ́gbẹ-lẹ́gbẹ, níbi tí ooru ti ń lé onílé síta lóru. Èmi náà kín ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo fẹ́ kí ó gba àyè inú àpótí.

A dé Ìgàndó ní Alímọ̀ṣọ́, nínú yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, ni ojú mi tó là. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò ní ọ̀rá púpọ̀ lábẹ́ awọ, orí rẹ̀ sì tóbi tí a bá fi wé ara rẹ̀, débi pé òtútù lè mú un lọ́sàn-án gangan nígbà tí gbogbo àwa tí a dúró tì í ń làágùn. Nítorí náà ni wọ́n fi ń dè é mọ́ àyà ìyá rẹ̀, awọ kan awọ, ìlédìí àti fìlà nìkan lára rẹ̀, bí àwọn dókítà ìlú Bogotá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1978. Ìwádìí kan tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, tí Ilé-Ifẹ̀ tiwa wà nínú rẹ̀, tí a sì tẹ̀ jáde ní 2021, fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tó kílò méjì, 12 ni ó kú níbi tí a ti gbé wọn sí àyà ní kété tí a bí wọn, nígbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16 níbi tí a ti dúró kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀. Àyà ìyá ni oògùn; fìlà kò lè gba ipò rẹ̀.

Àwọn baba wa a máa wí pé ọmọ ni aṣọ. Nínú yàrá yẹn, ọmọ gan-an ni ó ń wá ohun tí yóò bò ó.

Ìyá kan jókòó ní igun, ọmọ rẹ̀ ní àyà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó gba fìlà náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fi ìka wá ibi tí a ti so okùn òwú náà, ó sì béèrè ẹni tí ó hun ún. Mo sọ fún un pé ìyá arúgbó kan ni, tí orúnkún kò jẹ́ kí ó lè bá wa wá, tí ó sì máa ń ka Sáàmù kan kí ó tó mú òwú. Ó ní kí n sọ orúkọ màmá náà, kí òun lè máa fi í sínú àdúà òun. Kò béèrè ìjọ tí ó ń lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pe Màmá tí ó hun fìlà náà lórí fóònù, mo jíṣẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí ni oríkì ọmọ náà?" Mo ní wọn kò tíì fún un ní orúkọ kankan, ẹ̀rù ń ba ìyá rẹ̀.

"Sọ fún un," ni Màmá wí, "pé èmi ń pè é ní Àjọkẹ́."