Tẹlifíṣọ̀n àti Ohùn Ìyá Àgbà ní Pálọ̀ kan ní Ìjàyè

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tí ń tún rédíò ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè ni. Láti ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, tí iléeṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti ń joyè nínú pálọ̀ wa. Ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà tàbí àárín gbùngbùn ni à ń gbé e sí. Ohunkóhun tí ó bá bá níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde fún un, àwọn tí ó sì sábà máa ń dìde ni sípíkà méjèèjì tí ẹ̀rọ sítẹ́ríò fi ń sọ̀rọ̀.

Àbúrò bàbá mi ń gbé ní Ìjàyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. (Ìjàyè Kúrunmí tí Ìbàdàn tú ní ọdún 1862 ni mò ń wí, kì í ṣe ti Èkó tàbí ti Abẹ́òkúta.) Bàbá ní kásẹ́ẹ̀tì kan tí a gba ohùn ìyá wọn sí ní ọdún 1987. Ìyá àgbà ń ki oríkì ilé wa nínú rẹ̀, onídùndún kan sì ń lù tì í. Kásẹ́ẹ̀tì náà kò ní ẹ̀dà. Ìyá àgbà ti papòdà, kò sì sí ẹnì kan nínú àwa tí ó kù tí ó mọ oríkì náà tán.

Ní ọjọ́ kan tí mo lọ kí wọn, bí mo ti dọ̀bálẹ̀ tán ni wọ́n wí pé, "Àkànní, kásẹ́ẹ̀tì ìyá wa ti rà. Ìlù nìkan ni mò ń gbọ́, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí mọ́. Àbí etí mi ni?" Wọ́n ti dáwọ́ gbígbọ́ rẹ̀ dúró. Mo wo yíká pálọ̀. Àwọn ọmọ ti ra tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, wọ́n gbé e ka orí tábìlì, wọ́n sì ti sípíkà kọ̀ọ̀kan wọ igun ilé lọ, sẹ́yìn ojú tẹlifíṣọ̀n náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ń gbọ̀n ni ìró. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, tí ó ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára igba àti ìgbà, gbígbọ̀n tí ó lọ́ra ni: ti ọkùnrin sábà máa ń wà láàárín ìgbà 100 sí 200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti obìnrin sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbì tí ó gbọ̀n ní ìgbà 100 gùn ju mítà 3 lọ. Tẹlifíṣọ̀n tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 70 kò lè dá a dúró. Yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí omi odò ti ń gba ẹ̀gbẹ́ àpáta kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ gbé "fín igbá" àti "sín gbẹ́rẹ́" yẹ̀ wò. Ohùn kan náà ni fín àti sín ní. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú èémí tí ń fẹ́ jáde láàárín eyín. (N kò fi ṣ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó ti pẹ́ tí àwa ará Ìbàdàn ti sọ ọ́ di s.) Agbára ìró s pọ̀ jù lókè ìgbà 4,000, ìgbì ibẹ̀ kò sì tó sẹ̀ǹtímítà 9. Irú èyí ni ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń dí lọ́nà, tí ojú rẹ̀ sì ń ta padà bí bọ́ọ̀lù.

Igun ilé náà sì ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́. Níbi tí ògiri méjì ti pàdé, ìró ìsàlẹ̀ ń ta padà, ó sì ń dà pọ̀ mọ́ èyí tí ń bọ̀. Dùndún wá ń bú ramúramù, ó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé etí àgbà kì í gbọ́ ìró tó ga gan-an bí ti èwe. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a tún dínà mọ́ ìwọ̀nba tí ó ń dé ibẹ̀. Láyé tẹlifíṣọ̀n onígò ńlá, irin òòfà inú sípíkà máa ń ba àwọ̀ àwòrán jẹ́, nítorí náà tipátipá ni a fi ń jìnnà síra wọn. Ti ìsinsìnyí kò ní irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀.

Èmi àti àwọn ọmọ fa sípíkà méjèèjì kúrò ní igun, a jẹ́ kí ojú wọn yọ síwájú ju ojú tẹlifíṣọ̀n lọ, a gbé wọn sókè dé ọ̀gangan etí Bàbá lórí àga, a sì wọn ọ̀nà wọn dọ́gba. Mo tún da aṣọ òfì bo tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ìyá wa náà máa ń fi aṣọ tí wọ́n hun bò ó, ṣùgbọ́n eruku ni ìyẹn wà fún. Aṣọ fẹ́lẹ́ kì í gba ìró dúró.

Alan Blumlein, ará Ìlú Ọba, ni ó kọ ìwé béèrè fún ẹ̀tọ́ lórí ìmọ̀ sítẹ́ríò ní oṣù kejìlá ọdún 1931. Bí sípíkà méjì bá sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, àárín wọn ni etí yóò gbé ohùn náà sí. Nítorí náà, bí a ti tan kásẹ́ẹ̀tì, inú tẹlifíṣọ̀n tí a kò tàn ni ìyá àgbà ti ń kéwì. Bàbá ní, "Kí ni ìyá wa ń wá níbẹ̀?" Lẹ́yìn náà wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ojú kìn-ín-ní fi parí.

Mo ti ṣe ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì náà sórí kọ̀ǹpútà, mo sì ti kọ ojú ìwé mẹ́rin sílẹ̀ nínú oríkì náà. Ibì kan wà tí èmi àti Bàbá kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí: wọ́n ní "fín" ni ìyá àgbà wí, èmi ní "sín" ni.