Bàbá Ló Kù

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni àtẹ̀jíṣẹ́ àbúrò wa wọlé: "A ti de ile. Baba lo ku."

Àyà wa já. Bàbá tí a bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀? Ọwọ́ wa ń gbọ̀n bí a ṣe pè é. Ẹ̀rín ló fi dá wa lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o! Bàbá ló *kù*. Wọ́n ṣì wà lọ́nà ni."

Kù, kú. Dò ni àkọ́kọ́, mí ni èkejì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ti lọ kò ju ìyẹn lọ.

Àwọn Òyìnbó náà ń gbé ohùn sókè. Bí wọ́n bá gbé ohùn "yes" sókè, ó di ìbéèrè, ṣùgbọ́n "yes" náà ṣì ni. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń sọ Mandarin ní Ṣáínà ló jọ wá: mā ni ìyá, mǎ ni ẹṣin.

Èyí tó dùn wá jù ni pé àwa la kọ áàpù tí ẹbí wa fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀ kì í ṣe ẹyọ lẹ́tà kan: ọ dá wà, àmì orí rẹ̀ náà dá wà. Ìyẹn ń da kíka lẹ́tà rú mọ́ wa lọ́wọ́, la bá kọ ìlà kóòdù kan tó ń yọ gbogbo àmì dànù. Àbúrò wa fi àmì sí i. Àwa la yọ ọ́.

A ti pa ìlà náà rẹ́. Bàbá wà láàyè, wọ́n ń kí yín.