Ta Ló Gun Ọ̀kadà?

Ìbéèrè kan máa ń wà lábẹ́ àyọkà nínú ìdánwò WAEC ti èdè Gẹ̀ẹ́sì tí òógùn fi ń bo ọmọ ilé ìwé. Wọ́n á fa ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan yọ, wọ́n á ní kí o sọ orúkọ tí gírámà ń pè é, kí o sì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Oògùn tí olùkọ́ wa fún wa fún un kò ju àkọ́sórí lọ: èyí tó bá fi "who" bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yán ni, èyí tó bá fi "when" bẹ̀rẹ̀, àkókò ló ń sọ. A ń kà á bí orin.

Nínú ìdánwò ránpẹ́ kan, wọ́n gbé "I know who stole the goat" síwájú wa. Mo rí "who", mo kọ ẹ̀yán, mo gba òdo. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ní yunifásítì nígbà náà, ló bá mi jókòó nídìí àtùpà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò tilẹ̀ wo "who". Ó fi ọwọ́ bo "who stole the goat" látòkèdélẹ̀, ó fi "it" rọ́pò rẹ̀: "I know it." Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó wá kọ "The man who stole the goat has run away", ó tún bo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn, ó fi "it" sí i: "The man it has run away." Pẹ̀lú ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó wà lẹ́nu mi, mo mọ̀ pé èyí ti dàrú. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan náà ni, ẹyọ kan ò yí padà nínú wọn. Níbì kan, àbọ̀ ni wọ́n. Níbì kejì, wọ́n wà lẹ́yìn "man" bí ọmọ àpọ̀nsẹ́yìn.

"Má wo ojú wọn," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Wo ibi tí wọ́n so rọ̀ sí."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló da ohun kan tí mo ti gbà gbọ́ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rú. Wọ́n kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni "she" ń rọ́pò. Orúkọ tí Yorùbá fún un, arọ́pò orúkọ, kò sọ ohun mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi kọ "The old woman who sells akara is sick", ó ní kí n fi "she" rọ́pò "woman". Mo kọ "The old she who sells akara is sick." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti orí "the" títí dé "akara" ni "she" ń gbé mì, àpólà orúkọ lódindi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwa náà ń ṣe: tí a bá ní "Ó ń ṣàìsàn", ìyá arúgbó, ọjọ́ orí rẹ̀ àti àkàrà tó ń tà ti kó wọ inú "ó" kan ṣoṣo.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé àwọn ènìyàn ti ń ya gbólóhùn bí àwòrán tipẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Alonzo Reed àti Brainerd Kellogg gbé ọ̀nà kan jáde nínú ìwé wọn ní 1877: olùwà àti ọ̀rọ̀ ìṣe á wà lórí ìlà gbọọrọ, ẹ̀yán á dà gẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀. Ó wuyì lójú, ṣùgbọ́n ó ń tú ìtò ọ̀rọ̀ ká. Igi tí Noam Chomsky àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń yà láti 1957 ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbòǹgbò rẹ̀ ló wà lókè tí ewé rẹ̀ ń kanlẹ̀.

Ẹ wo "The police chased the thief on a motorcycle." Ta ló gun ọ̀kadà? Igi méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi "him" dán an wò: bí "him" bá gbé ọ̀kadà mì mọ́ olè, olè ló gùn ún, bí ọ̀kadà bá ṣẹ́ kù síta, ọlọ́pàá ni. Yorùbá kì í jẹ́ kí ìyẹn dé ilé ẹjọ́. Ọlọ́pàá fi ọ̀kadà lé olè, tàbí ọlọ́pàá lé olè tó gun ọ̀kadà. Kò sí ìjà. Inú mi dùn sí èyí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, mo sì ń fi í yangàn, àfìgbà tí obìnrin kan nílé wa ní kí n lọ pe ìyá ọmọ tó ń sunkún wá. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ìyá ló ń sunkún ni, àbí ọmọ?

"Fi" inú gbólóhùn ọlọ́pàá yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi títí di òní. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni kẹ̀? A lè sọ pé "fífi ọ̀kadà lé olè", bí a ṣe ń sọ jíjẹ àti mímu. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé "ọlọ́pàá fi ọ̀kadà" tó sì dákẹ́, etí mi á ṣì máa retí. Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì, àgbà méjèèjì nínú gírámà wa, kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ìṣe àsínpọ̀, irú èyí tó tò tẹ̀lé ara wọn bíi "fi" àti "lé" yìí. Ta ni èmi? Bébà tí mo ya gbólóhùn náà sí ṣì wà láàárín ìwé *A Grammar of Yoruba*. Ẹ̀ka méjì ló jáde níbi "fi", mi ò sì tíì pa èyíkéyìí rẹ́.