Ohun Tí Mo Fi Ń Ṣọ́ Kọ̀ǹpútà Mi ní Ìlú Benin

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ àti ìrìn-àjò ti gbé jìnnà sí ilé, ìlú Benin ni mo ń gbé. Ọdún 21 rèé tí mo ti fi Ogbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ wá bá ọkọ mi níbí. Èmi náà wà lára àwọn tó wà lókèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ló ń gbé mi lọ sílé, kì í ṣe ọkọ̀ òfúrufú.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni mo bá wá. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Houston ló fà á. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun ti ra surge protector mẹ́ta tí òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, ó sì bi mí bóyá kí òun fi ọ̀kan kún un fún ilé ìjọsìn wa. Mo ní kó dúró ná. Mo mọ̀ pé inú rere ló fi rà á, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín lè ti ra irú rẹ̀ sínú àpótí ẹrù báyìí.

Iṣẹ́ ìwé títò ni mo ń ṣe. Bí ẹ bá gba ìwé ètò ìsìnkú tàbí ti ìgbéyàwó lọ́wọ́ ní apá Ugbowo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo tò ó. Owó àjọ oṣù 14 ni mo fi ra kọ̀ǹpútà tí mo ń lò, èyí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ wọ́n jù ú lọ. Lọ́dún tó ṣáájú ikú ìyá wa, mo lọ jókòó tì wọ́n ní Ogbómọ̀ṣọ́ fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta, mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe mọ ìwé kà ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sọ orúkọ àwọn tó bí bàbá wa dé ìran kẹrin, wọ́n sì gbàdúrà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kó o sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí fóònù kún, mo pa á rẹ́ níbẹ̀. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, òjò Benin tí ẹ mọ̀ yẹn rọ̀, ìjì sì jà. Iná lọ. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, iná dé, àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè. Mo gbójú sókè, mo rí i pé búlọ́ọ̀bù pálọ̀ ti funfun báláú, fáànù sì ń yí bí ẹni pé yóò já bọ́. Kí n tó dìde, mo gbọ́ páò lábẹ́ tábìlì, òórùn nǹkan tó jóná gba inú ilé. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ní ilé kejì, iná wọn rẹ̀ bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ.

Ẹ má rò pé mo kàn fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ lásán. Extension kan wà tí mo fi í há, ẹlẹ́nu mẹ́fà, tó ní iná pupa, wọ́n sì kọ "surge protector" gàdàgbà sára rẹ̀. Ọmọkùnrin tó máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún mi wá lọ́jọ́ kejì. Ọmọ Edo ni, ọ̀dọ̀ wa ló ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Ó tú extension náà lójú mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo inú rẹ̀." Wáyà ló wà níbẹ̀, àti búlọ́ọ̀bù pupa kékeré. Kò sí nǹkan mìíràn. Orúkọ ni mo ti ń san owó fún.

Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé fún mi, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibi yìí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Wáyà mẹ́rin ló wà lórí òpó tó ń pín iná fún ilé wa. Mẹ́ta ń gbé iná wá, ẹ̀kẹrin ni wọ́n ń pè ní neutral, òun ló ń dá iná padà. Láàárín neutral àti ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, nǹkan bí 240 volt ló yẹ kó wà, òun náà sì ni ẹ̀rọ ilé wa ń jẹ. Ṣùgbọ́n láàárín méjì nínú àwọn mẹ́ta náà, 415 volt ni. Bí ìjì bá wá já neutral, ilé èmi àti ilé aládùúgbò mi di ohun tó ń pín 415 yẹn láàárín ara wọn. Ìyá ló ń pín ẹran; bí ìyá kò bá sí nílé, ẹ mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń pín in. Ilé tó ń lo iná púpọ̀, iná tirẹ̀ á rọ̀. Ilé tó ń lo díẹ̀, tirẹ̀ á pọ̀ jù. Wọ́n ń lọṣọ lọ́wọ́ nílé kejì lóru ọjọ́ náà. Búlọ́ọ̀bù, fáànù àti kọ̀ǹpútà nìkan ló wà nílé tèmi.

Nígbà tí àbúrò mi gbọ́, kò tó oṣù kan tó fi fi ojúlówó surge protector ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, tó wúwo, tó dára lójú. Inú mi dùn. Mo ti wá orí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo máa fi há a, ọmọkùnrin yẹn ló di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, kí n kà á. 120 volt ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ilé àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Nínú surge protector gidi, èròjà kan wà, ó rí pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀. Bí iná bá wà bó ṣe yẹ, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí iná bá fò sókè lójijì, bí ìgbà tí àrá bá sán nítòsí, á yára la ọ̀nà mìíràn fún àpọ̀jù iná náà kó má bàa dé ara kọ̀ǹpútà. Èyí tí wọ́n ṣe fún 120 yóò rí 240 tiwa gẹ́gẹ́ bí àpọ̀jù láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Yóò gbóná, yóò jó, ó sì lè gbiná mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ohun tí àbúrò mi fi ìfẹ́ rán wá ì bá ti jó ilé mọ́ mi lórí.

Kò sì tán síbẹ̀. Kódà èyí tí wọ́n ṣe fún 240 kò lè gbà mí lọ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Èròjà pẹlẹbẹ yẹn, ohun tó bá wá tó sì lọ bí ìṣẹ́jú ló lè bá jà. Bí 400 volt bá wọlé tó sì jókòó, á kú sẹ́nu iṣẹ́. Àní ó ń kú díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà: iye joule tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ìyà tó lè jẹ kó tó di extension lásán nìyẹn.

Ohun tí a nílò níbí ni èyí tó ń já iná. Àwọn tó ń tà á ń pè é ní TV guard, tàbí fridge guard. Ó ń wo iye volt tó ń bọ̀; bí ó bá ti pọ̀ jù tàbí kéré jù, á já a. Bí iná bá dé, kò ní gbà á wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á dúró wò ó ná. Ti fíríìjì ń dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ti tẹlifíṣọ̀n kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, òun ni mo sì rà fún kọ̀ǹpútà. Iwájú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ni mo fi í sí. Surge protector 240 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà UPS tó ní bátìrì, kí n lè rí àyè pa iṣẹ́ mọ́ bí iná bá lọ. Mo ti fẹ́ ra stabilizer ńlá pẹ̀lú, ó ní kí n fi owó mi pamọ́: ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà mi ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó lè lo láti 100 dé 240 volt, iná tó rọ̀ kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ó sì kìlọ̀ fún mi kí n má ṣe ki ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oní-laser bọ UPS, nítorí iná tó ń fà nígbà tó bá ń gbóná pọ̀ ju ohun tí UPS kékeré lè gbé.

Ohun kan ṣì kù tó yà mí lẹ́nu. Ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa lójú mẹ́ta, ṣùgbọ́n wáyà méjì péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú kẹta, èyí tó yẹ kó lọ sínú ilẹ̀, kò lọ síbì kankan. Ọdún mélòó la ti ń gbé ilé yẹn! Surge protector kò rí ibi da àpọ̀jù iná sí bí ilẹ̀ kò bá gbà á. A pe oníṣẹ́ iná, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ri irin tí wọ́n fi bàbà bò mọ́lẹ̀, ó da èédú àti iyọ̀ yí i ká, ó sì fa wáyà láti ibẹ̀ wọlé.

Bàbá Díákónì kan nínú ìjọ wa bá wa lẹ́nu iṣẹ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rán mi létí Sáàmù 127, ibi tó ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ tó ń jí lásán bí Olúwa kò bá pa ìlú mọ́. Mo ní, "Bàbá, mo gbà bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n n kò rí i níbẹ̀ pé ẹ̀ṣọ́ lọ sùn sílé." Mo tún rán wọn létí Diutarónómì 22, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí ẹni tó bá kọ́ ilé mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká kí ẹnikẹ́ni má bàa jábọ́ láti ibẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Èló ni wọ́n ń ta TV guard yẹn?"

Ní ti ohùn ìyá wa: pátákó àárín kọ̀ǹpútà jóná, ẹ̀rọ tó ń pín iná inú rẹ̀ jóná, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá hard disk ti kú. Ọmọkùnrin náà mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọjọ́ 19 ni mo fi dúró, n kò sì lè sọ fún àwọn àbúrò mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Èmi àkọ́bí ni wọ́n fi í sí lọ́wọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan, fóònù mi dún. Ọmọ náà kò kí mi. Ó gbé fóònù sún mọ́ ẹ̀rọ, mo sì gbọ́ ìyá mi tí wọ́n wúkọ́ díẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe kí wọ́n tó gbàdúrà.

Ó ti di ẹ̀dà mẹ́ta báyìí. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Ìbàdàn, ọ̀kan wà ní Houston, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi. Kò sí guard tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí àrá bá sì kọlu òpó ilé ẹni gan-an, kò sí ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà tó lè dúró níwájú rẹ̀. Nítorí náà, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú sí apá Ekenwan, mo máa ń yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lára ògiri, títí kan wáyà íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo sọ fún àbúrò mi pé kó dá mẹ́ta yẹn padà sí ṣọ́ọ̀bù, kó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, a ó ra èyí tó bá iná wa mu níbí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ti àkọ́kọ́ yẹn." Ta ni yóò bínú sí i? Ó ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi nínú páálí rẹ̀.

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí mo ti ń kọ èyí lọ́wọ́ lórí bátìrì. Iná pupa ara guard ń ṣẹ́jú. Mo ń dúró kó di àwọ̀ ewé.