Ọkùnrin Tí Ó Ra Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Wa

Olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní kí olúkúlùkù wa kọ ìtàn ohun kan tí ojú rẹ̀ ti rí. Àwọn kan kọ nípa oko wọn. Àwọn kan kọ nípa ìrìn àjò. Èmi yóò kọ nípa bọ́ọ̀lù. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bọ́ọ̀lù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àárín èmi àti bàbá kan jẹ́, bàbá tí ó ṣe mí lóore ní ilẹ̀ àjòjì.

Ọmọ Kétu ni mí. Ní 2006 mo gba Ìmẹ̀kọ lọ sí Èkó. Láti Èkó ni mo ti bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ sí ilẹ̀ òyìnbó. Mo rí iṣẹ́ ní Cardiff, tí í ṣe olú ìlú Wales. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ni, òru ni a sì ń ṣe é. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo máa ń sùn. N kò mọ ẹnikẹ́ni. Ti òtútù ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀.

Bàbá kan ń gbé ní ilé tí ó tẹ̀lé tiwa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ará ibẹ̀ a máa pe àgbàlagbà ní orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ń pè é ní Bàbá. Nígbà tí mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n má ṣe pe òun ní nǹkan mìíràn mọ́. Bàbá yìí ni ó kọ́kọ́ mú mi lọ wo Cardiff City. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo ń jókòó sí, ó sì máa ń fún mi ní súìtì míńtì kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ọmọ kékeré ni mí.

Ní 1899 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1908 ó gba orúkọ Cardiff City. Ẹ̀wù aró ni wọ́n ń wọ̀, Ẹyẹ Aró ni àwọn ènìyàn sì ń pè wọ́n. Èyí wù mí. Aṣọ ni ìyá mi ń pa láró, ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ní 1927 ẹgbẹ́ yìí na Arsenal ní 1 sí 0 ní Wembley, wọ́n gba Ife FA. Láti ìgbà tí ife náà ti wà, ìgbà kan ṣoṣo yìí ni ó jáde kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Cardiff ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni. Ní 1962 wọ́n já láti ìpele kìíní. Ọmọ ọdún 12 ni Bàbá nígbà náà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń retí kí wọ́n padà.

Ohun mìíràn tún so mí mọ́ wọn. Ní 2011 wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Rudy Gestede. Ilẹ̀ Faransé ni a ti bí i, ṣùgbọ́n ní 2013 ó bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù fún Benin wa níbí. Ó ga bí ọ̀pẹ. Orí ni ó fi ń kan bọ́ọ̀lù sílé. Ní oṣù kejì 2012 wọ́n dé àṣekágbá Ife Líìgì, wọ́n bá Liverpool ta á ní 2 sí 2, ó di pẹ́nátì. Gestede gbá tirẹ̀, kò wọlé. A pàdánù. Bàbá fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ará ilé rẹ gbìyànjú." Ó ń tù mí nínú, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ni ó yẹ kí a tù.

Nísisìyí mo dé ibi ọ̀rọ̀.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò, ti àdúgbò ni. Bí olówó kan bá ra ẹ̀wù fún wọn, a ó dúpẹ́, a ó gbàdúrà fún un, ó parí. Lọ́hùn-ún, ènìyàn kan ṣoṣo lè ra ẹgbẹ́ ńlá bí ẹni ra ilẹ̀, tí yóò sì gba ìwé lé e. Nígbà náà, orúkọ, àmì, ẹ̀wù, àwọn agbábọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ ni ó máa ń bọ́ sí abẹ́ àṣẹ rẹ̀. Àwọn tí ó ti ń wò wọ́n láti kékeré kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, àfi ìwé ìwọlé tí wọ́n ń fi owó ara wọn rà lọ́dọọdún. Kì í ṣe ibi gbogbo ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Swansea, ìlú tí ó jẹ́ orogún Cardiff, àwọn olùwòran kó owó jọ nígbà náà, wọ́n sì ní bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹgbẹ́ wọn. Bàbá kò fẹ́ kí n sọ ohun rere kankan nípa Swansea, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ní 2009 sí 2010, gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Cardiff City. Àwọn agbowó-orí gbé wọn lọ sí kóòtù. Nígbà náà ni àwọn olówó kan dé láti Malaysia. Olórí wọn ni Vincent Tan. Ó gbé owó kalẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì yè. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí bí ẹ ti ń kà á lọ. Bí kò bá dé, bóyá kì bá tí sí ẹgbẹ́ tí a ó máa jà lé lórí.

Ní oṣù karùn-ún 2012 a gbọ́ pé Tan fẹ́ yí ẹ̀wù wọn padà sí pupa. Àwọn ènìyàn pariwo. Wọ́n ní ó ti fi í sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà wọ́n jáde, wọ́n ní pupa náà ni. Wọ́n ní àwọ̀ oríire ni pupa ní ilẹ̀ Éṣíà, pé yóò jẹ́ kí wọ́n rí ọjà tà lọ́hùn-ún, àti pé bí a bá gbà, owó púpọ̀ yóò tún wọlé. Ẹyẹ aró tí ó wà nínú àmì ẹgbẹ́ di kékeré, wọ́n fi í sí ìsàlẹ̀. Wọ́n gbé dírágónì pupa lé e lórí, ẹranko inú ìtàn tí ń yọ iná lẹ́nu. Lóòótọ́, dírágónì pupa wà lára àsíá Wales. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni àwọn ará Cardiff ń lọ wò ní ọjọ́ Sátidé.

Bàbá ní òun kò ní lọ mọ́.

Mo lọ bá a nílé. Mo rò pé mo gbọ́n. Mo ní, "Bàbá, àwa máa ń sọ pé ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Ọkùnrin yìí ni ó ni ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é bí ó ti wù ú."

Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Nínú òwe rẹ yìí, èwo ni àwa? Ṣé ẹrú ni wá ni, tàbí ẹrù?"

N kò rí èsì fọ̀. Síbẹ̀ mo lọ ra ẹ̀wù pupa. Kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ràn kí a máa borí. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun lára, borí-borí ni ó ń mú mi lọ́kàn le. A sì ń borí lọ́dún náà. Ìjókòó Bàbá ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí ó yá, ẹlòmíràn jókòó sí i, ọkùnrin kan tí kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 2013, a bá Charlton ta á ní 0 sí 0, ìyẹn sì tó. A padà sí ìpele kìíní lẹ́yìn ọdún 51. Àwọn ènìyàn ya wọ inú pápá. Èmi náà sáré wọ̀ ọ́, mo ń sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí mo dé àdúgbò wa, mo kan ilẹ̀kùn Bàbá. Ó ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wo ẹ̀wù pupa tí ó wà lọ́rùn mi, ó ní, "A ti wọlé." Kò sọ pé wọ́n ti wọlé. "A" ni ó wí. Lẹ́yìn náà ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọdún 51 ni ọkùnrin yìí fi dúró de ọjọ́ kan. Nígbà tí ọjọ́ náà dé, kò sí níbẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ń rò ó.

Ní ìpele kìíní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáradára. Wọ́n na Manchester City ní 3 sí 2 nílé. Ṣùgbọ́n aáwọ̀ ti wà láàárín Tan àti Malky Mackay, ọmọ Scotland tí ó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. Tan ní owó tí wọ́n fi ra àwọn agbábọ́ọ̀lù ju èyí tí òun fọwọ́ sí lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbé owó kalẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bi ni léèrè. Ohun tí kò yé wa ni èyí tí ó tẹ̀lé e. Ní oṣù kẹwàá wọ́n mú ọ̀gá tí ń bá wọn wá agbábọ́ọ̀lù kúrò. Wọ́n fi ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 23, láti Kazakhstan, sí ipò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọmọ Tan ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ wò ó: ṣé ọmọ tí kò tíì kọ́ṣẹ́ ni a ń fi ṣe ọ̀gá nínú ṣọ́ọ̀bù?

Nínú oṣù Kérésìmesì, Tan kọ̀wé sí Mackay pé kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kí a lé e. Ní ọjọ́ 27 wọ́n lé e. Ole Gunnar Solskjær, ọmọ Norway, ni ó gba ipò rẹ̀. Tan a máa wá sí pápá, yóò wọ ẹ̀wù bọ́ọ̀lù pupa lé ẹ̀wù àti táì rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2014 a já, àwa ni a sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Kí á tó já ni mo ti bọ́ ẹ̀wù pupa yẹn. Mo lọ bá Bàbá, mo ní kí ó yá mi ní ìborùn aró rẹ̀. Kò bi mí ní ìdí. Ó wọ inú yàrá, ó mú un wá, ó sì fi òórùn kámfọ̀ kún imú mi. Ní oṣù kẹta 2014, èmi àti òun bá àwọn ènìyàn rìn lọ sí pápá, gbogbo wa wọ aró, a ń kọrin. Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Èmi wọlé. Bí eré bá pé ìṣẹ́jú 19 àti ìṣẹ́jú àáyá 27, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dìde, wọ́n á gbé ìborùn aró sókè nítorí ọdún 1927. Ọjọ́ náà ni èmi náà kọ́kọ́ dìde. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi, mo mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, pápá bẹ̀rẹ̀ sí ṣófo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, eré Ife FA kan wà tí àwọn tí ó wá wò ó fi díẹ̀ lé ní 4,000, nínú pápá tí ó ń gbà ju 30,000 lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní, Tan kéde pé aró ti padà. Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí ó sọ pé ó yí òun lọ́kàn padà. Ó ní ìyá òun ni. Ìyá náà, tí ó jẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà, bá a sọ̀rọ̀ nípa ìṣọ̀kan àti ayọ̀ àwọn ènìyàn.

Nígbà tí mo ka èyí fún Bàbá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ìwé tí a kọ! Ìyá rẹ̀ ni ó yẹ kí á kọ ọ́ sí."

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wọ aró, wọ́n na Fulham ní 1 sí 0. Bàbá wá. Ìjókòó rẹ̀ àtijọ́ ṣófo, ó jókòó sí i. Ó wo pápá títí, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú súìtì míńtì kan jáde, ó nà án sí mi.

Mo padà wálé ní 2016. Ẹ̀wù pupa náà wà nínú àpótí mi, ọmọ àbúrò mi ni ó ń fi í gbá bọ́ọ̀lù báyìí. Ní 2022, nígbà tí a gbọ́ pé a kò ní pe ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa ní Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́, pé ẹranko kan tí ó jọ ẹkùn tí Faransé ń pè ní guépard ni yóò rọ́pò rẹ̀, àwọn ọmọdé ń yọ̀. Wọ́n ní ọ̀kẹ́rẹ́ kéré jù. Èmi rántí pé Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ó lé Morocco kúrò nínú Ife Áfíríkà ní 2019. Mo dákẹ́, mo fi fóònù pe Bàbá.

Ní 2025 Cardiff City já sí ìpele kẹta. Tan ni ó ṣì ni wọ́n nígbà tí wọ́n já. Bàbá ni ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bú wọn láti orí ọ̀gá dé orí ẹni tí ń gé koríko. Mo bi í bóyá yóò tún máa lọ.

Ó ní òun ti sanwó ìwọlé.